Omi Tí Kò Kán Sínú Garawa

Ẹyọ iyùn kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì, ó pọ́n bí ojú àkùkọ tó ń bínú. Fọ́nrán òwú kékeré kan ṣì so mọ́ ọn nídìí. Kọ́púrù Ṣàfíù dúró tì í, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọdẹ tí ẹtu wá kú sí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọ̀gá, ẹjọ́ ti parí," ó wí. "Inú ẹ̀rọ amúlétutù gan-an ni mo ti bá a. Àwo kan wà nísàlẹ̀, lẹ́yìn asẹ́ rẹ̀. Ta ló tún mọ ibẹ̀ bí kò ṣe ẹni tó ń tú u palẹ̀?"

Sájẹ́ǹtì Ìbíkúnlé bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì náà. Ọmọ oko ni Ìbíkúnlé kó tó di ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní Yaba. Ìdí pàkúté ló dàgbà sí. Bàbá rẹ̀ a sì máa sọ fún un pé ẹran tó bá tẹ ilẹ̀ kedere jù, kó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò dáadáa, ó lè jẹ́ pé ènìyàn ló wọ bàtà rẹ̀. Ó mú iyùn náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Nígbà tó o fọwọ́ mú un, ṣé omi wà lára rẹ̀?"

"Omi kẹ̀? Ó gbẹ bí ọ̀fun ẹni tó ń gbààwẹ̀. Àwo náà gbẹ, òwú náà gbẹ."

"Agogo mélòó nìyẹn?"

"Agogo méje ìrọ̀lẹ́ àná, sà. Lẹ́yìn náà ni mo ti yàrá náà pa. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ rèé lápò mi, kò kúrò níbẹ̀."

Ìbíkúnlé ṣí ìwé kékeré ọwọ́ rẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ kan péré síbẹ̀: *gbígbẹ*. Kò tíì mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Àmọ́ àgbà kì í rí igi wọ́rọ́kọ́ lọ́nà kó fò ó dá. Ó lè wúlò fún èèkù àdá lọ́la.

Ọjọ́ Àìkú ni, nínú oṣù kẹfà ọdún 1958. Òjò ti ṣú ṣùgbọ́n kò rọ̀, afẹ́fẹ́ sì wúwo bí aṣọ tí wọn ò fún. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn wà lẹ́yìn irin, ó jókòó sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Síkírù lorúkọ rẹ̀, ará Mushin, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún fáànù àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Ní gbogbo Yaba nígbà náà, ilé tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ò pọ̀. Ti olóògbé dókítà kan jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, opó rẹ̀, Màmá Ethel, ló sì ń lò ó. Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni Síkírù máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá fọ̀ ọ́. Ó wá lánàá, ọjọ́ Sátidé. Ó lọ tán, wọ́n wá iyùn Màmá tì nínú àpótí, Màmá sì ní kí wọ́n lọ mú un, kí wọ́n dè é gba ojú títì Yaba.

"Sọ ohun tó o ṣe fún mi," ni Ìbíkúnlé wí. "Má yára."

"Ọ̀gá, mo yọ asẹ́, mo fọ̀ ọ́. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku ara irin rẹ̀. Mo nu àwo rẹ̀ gbẹ, mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ gún ihò ìdí àwo náà, torí ó máa ń dí. Mo dá gbogbo rẹ̀ padà. Mo tàn án wò bí ìṣẹ́jú kan, ó dára, mo pa á. Wọ́n ń pe ìrun ọ̀sán bí mo ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ mi."

"Ta ló wà pẹ̀lú rẹ nínú yàrá?"

"Kò sí, sà." Ó gbójú sókè. "Ọ̀gá, ọ̀la ló pé ọjọ́ mẹ́jọ tí ìyàwó mi bímọ. Ọdún mẹ́jọ la fi wá a. Àmúdàtù ò mọ ohun tó máa sọ fún àwọn àáfà bí wọn ò bá rí bàbá ọmọ."

Ìbíkúnlé mọ̀ pé ọ̀la náà ni wọ́n máa gbé e dé kóòtù. Bí wọ́n bá sì pe ènìyàn ní olè lẹ́ẹ̀kan, kódà bí adájọ́ bá tú u sílẹ̀, ta ni yóò tún ṣí ilẹ̀kùn yàrá fún un pé kó wá tún ẹ̀rọ ṣe? Iṣẹ́ inú yàrá oníyàrá, orúkọ rere ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀.

*

Màmá Ethel ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni. Fìlà òyìnbó rẹ̀ ṣì wà lórí. Caroline, ìyàwó ọmọ rẹ̀, jókòó tì í, ó ń tú omi ọsàn fún un. Ọkọ Caroline wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń kọ́ ìmọ̀ òfin.

"Sájẹ́ǹtì, iyùn ìyá mi ni," ni Màmá wí. "Ìgbéyàwó Adùnọlá ọmọ mi ku oṣù kan. Lọ́jọ́rú ni mo sọ fún gbogbo ilé pé òun ni yóò fi í lọ sílé ọkọ. Mo ti ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìyá dé lánàá ní agogo mẹ́fà, mo ní kí n yọ ọ́ wò. Mo ṣí àpótí, mo bá òfìfo. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń fi ìwé orin fẹ́ ara mi."

"Inú yàrá yẹn náà ni ẹ ti ń fẹ́ra, Mà?"

"Níbẹ̀ náà. Òógùn bò mí."

"Ìbànújẹ́ ló mú ooru mú Màmá, sà," ni Caroline já ọ̀rọ̀ gbà. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó mọ́.

Ìbíkúnlé yíjú sí i. "Ẹ̀yin náà ńkọ́, Mádàámú? Lẹ́yìn tí Síkírù lọ."

"Orí ń fọ́ mi, sà. Mo wọ yàrá Màmá, mo ti ilẹ̀kùn, mo tan ẹ̀rọ, mo sùn. Agogo kan ni. Ìgbà tí mo gbọ́ ìró mọ́tò Màmá ní mẹ́fà ni mo tó dìde pa á, tí mo ṣí ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó wọlé tọ̀ mí. Bí kì í bá ṣe Síkírù, a jẹ́ pé èmi ni." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ni.

"Ṣé ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ dáadáa lẹ́yìn tó tún un ṣe?"

"Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó mọṣẹ́ rẹ̀. Ó tutù débi pé mo da aṣọ òtútù bora."

Obìnrin kan da aṣọ òtútù bora kí agogo mẹ́fà tó lù. Òmíràn ń làágùn, ó ń fi ìwé orin fẹ́ra nígbà tí agogo mẹ́fà lù tán. Yàrá kan náà ni. Ìbíkúnlé fi ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ahọ́n, kò gbé e mì, kò tu ú. Ó mọ̀ pé ooru Èkó kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn tán ó lè ti dé. Ọkàn arúgbó tó bà jẹ́ náà sì lè làágùn nínú yìnyín. Èyí kò tó fi mú ẹnì kankan.

Ó béèrè nípa dírẹ́fà. Ó wà lọ́dọ̀ Màmá níbi ìpàdé láti àárọ̀ àná títí di agogo mẹ́fà. Ó béèrè nípa Adùnọlá. Ìbàdàn ló wà láti oṣù tó kọjá. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Ó ní kí Ṣàfíù ṣí yàrá náà. Wọ́n ti kan gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa kí ìtura má baà sá jáde. Ẹ̀rọ náà gbé orí sínú yàrá, ara rẹ̀ mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ògiri gbé ìdí rẹ̀ mì.

"Ibo ni ìdí rẹ̀ yọ sí?"

"Ẹ̀yìnkùlé ni, sà," ni Caroline wí. "Èmi kì í dé ibẹ̀. Ibi tí alágbàfọ̀ ń gbé ni."

*

Kó tó dé ẹ̀yìnkùlé tán ni obìnrin kan ti jáde sí i, ó so ìró mọ́ àyà, ìrọ́nì èédú ń rú èéfín lọ́wọ́ rẹ̀. Fàósátù ni, alágbàfọ̀, ọ̀kan ṣoṣo tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ilé.

"Ẹ̀yin lọ̀gá ọlọ́pàá? Ẹ ti pẹ́ jù! Ẹ kọ orúkọ tèmi náà sílẹ̀, mo fẹ́ pe Síkírù lẹ́jọ́."

"Kí ló mú ní tiyín, Ìyá?"

"Omi mi! Ó jí iyùn wọn, ó jí omi mi. Olè méjì ni lọ́jọ́ kan ṣoṣo."

Ṣàfíù pa ẹ̀rín mọ́nú. Ìbíkúnlé ò rẹ́rìn-ín. Ó fa àpótí kan, ó jókòó. "Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ẹjọ́ omi yẹn."

Fàósátù nawọ́ sí ara ògiri. Ìdí ẹ̀rọ náà yọ jáde lókè níbẹ̀, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì kọ́ nídìí rẹ̀. Garawa kan dúró sábẹ́ ọ̀pá náà.

"Ṣé ẹ rí garawa yẹn? Láti ìgbà tí dókítà ti gbé ẹ̀rọ yìí dé ló ti wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti tàn án, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Omi tó mọ́, tí kò ní ìpata! Òun ni mo fi ń wọ́n aṣọ kí n tó lọ̀ ọ́, kì í fi àmì sí ara aṣọ funfun. Lásìkò òjò báyìí, bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ lọ́sàn-án títí dìrọ̀lẹ́, màá rí ìdajì garawa."

"Lánàá ńkọ́?"

"Lánàá ni mo ń wí! Síkírù lọ tán, mo gbé garawa padà síbẹ̀. Mo yọjú wò ó ní agogo mẹ́ta, kò sí nǹkan kan. Mo wò ó ní márùn-ún, ọmọ aáyán ló ń rìn nínú rẹ̀! Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ènìyàn mẹ́fà wà nílẹ̀. Èmi àgbà obìnrin ni mo lọ tò sídìí ẹ̀rọ omi àdúgbò pẹ̀lú àwọn tó lè jẹ́ ọmọ mi. Mo ní ọmọ Mushin yìí ti ba ẹ̀rọ jẹ́, ó ti gbowó ó ti lọ."

Ìbíkúnlé jókòó láìmira. Ó dà bí ẹni tó gbọ́ tí ewé ṣẹ́ nínú igbó.

"Ìyá, ṣé ẹ gbọ́ ìró ẹ̀rọ náà lọ́sàn-án àná?"

"Ìró wo? Bó bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń kùn bí ilé agbọ́n, ògiri yàrá mi á máa gbọ̀n. Lánàá, ẹyẹlé tó ń rìn lórí páànù ni mo ń gbọ́."

"Ṣé ẹ sọ èyí fún ẹnikẹ́ni nínú ilé?"

Fàósátù kọ hàà. "Ta ni màá sọ fún? Àwọn tó ń jẹ ìtura níwájú, ṣé wọ́n mọ ohun tó ń kán lẹ́yìn?"

Ìgbà yẹn ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó rẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Ìyá Alágbàfọ̀, ẹ má lọ ibì kankan. Kọ́púrù, ti yàrá yẹn pa, kó o lọ mú Síkírù wá fún mi."

*

Agogo mẹ́ta kù díẹ̀ ni gbogbo wọn pé sẹ́yìnkùlé. Màmá Ethel jókòó lórí àga tí wọ́n gbé jáde fún un, ó ń wo okùn ìsáṣọ bí ẹni tó dé ìlú àjèjì. Caroline dúró, ó ká etí aṣọ rẹ̀ sókè kó má baà kan ẹrẹ̀. Síkírù wà láàárín, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Fàósátù ṣe rí i ló pòṣé.

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọkùnrin yìí ba ẹ̀rọ jẹ́," ni Ìbíkúnlé wí. "Kọ́púrù, ṣí yàrá, tan ẹ̀rọ, kó o ti ilẹ̀kùn. Má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn."

Ògiri kùn. Fàósátù gbọ́rí sókè. Wọ́n dúró. Ó pẹ́ débi pé Màmá béèrè pé kí ni wọ́n ń retí gan-an. Ìbíkúnlé ò wo ọ̀pá náà rárá. Ojú Caroline ló ń wò.

*Tó.*

Ẹ̀kán omi kan jábọ́ sínú garawa. Ó pẹ́ díẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ mọ́, wọ́n ń lé ara wọn.

"Kí ni ìyẹn?" ni Caroline béèrè. Ohùn rẹ̀ ti yí.

"Omi ni, Àǹtí," ni Síkírù dá a lóhùn, bí ẹni tó gbàgbé pé wọ́n de òun. "Bí ẹ̀rọ bá ń mú yàrá tutù, ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ jáde ni. Àwo ìdí rẹ̀ ló ń gbà á, ó ń gba ihò jáde síbí. Bó bá ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, àwo yẹn ò ní gbẹ títí ilẹ̀ á fi mọ́."

"Ọdún mélòó lẹ ti wà nínú ilé yìí, Mádàámú?" ni Ìbíkúnlé béèrè.

"Méje."

"Ẹ ò sì mọ̀ pé ó ń kán." Ó dìde. "Lánàá, ẹ sọ pé ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí márùn-ún, ó tutù débi pé ẹ bora. Ìyá yìí gbé garawa síbẹ̀, ẹ̀kán kan ò bọ́ sínú rẹ̀."

"Ó lè jẹ́ pé ó bàjẹ́ lánàá."

"Kọ́kọ́rọ́ yàrá wà lápò Kọ́púrù láti alẹ́ àná. Bó bá bàjẹ́ lánàá, ta ló tún un ṣe kó tó dòní? Bó bá sì ṣiṣẹ́, ibo ni omi rẹ̀ gbà?" Ó yọ ẹyọ iyùn náà, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. "Èyí wà nínú àwo yẹn ní agogo méje, òun àti òwú rẹ̀, ó gbẹ táútáú. Síkírù mọ̀ pé ibùjókòó omi ni àwo náà. Òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìgbálẹ̀ la ihò rẹ̀. Ṣé yóò wá fi iyùn dí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là? Ẹni tó fi í síbẹ̀, iwájú ẹ̀rọ nìkan ló mọ̀. Mádàámú, ibo lẹ wà lánàá láti agogo kan sí mẹ́fà?"

Garawa ni Caroline ń wò. Ẹ̀kán ń bọ́ tẹ̀ lé ẹ̀kán.

"Ohun kan ṣì rú mi lójú," ni Ìbíkúnlé wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Bí ẹ bá tàn án sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó jáde, ìbá kán, ǹ bá má rí nǹkan kan sọ. Kí ló dé tí ẹ ò tàn án?"

"Bàbá, ọkọ Màmá, ní a kì í fi ẹ̀rọ sílẹ̀ nínú yàrá tí kò sí ènìyàn," ni Caroline wí jẹ́jẹ́. "Ó ní ó lè gbiná. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, mi ò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí."

Màmá Ethel pariwo orúkọ rẹ̀. Caroline yíjú sí i, omi ti lé sójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bọ́.

"Ọdún méje, Màmá. Ta ló wẹ Bàbá nígbà tí kò lè dìde mọ́? Ta ló ń nu iyùn yẹn fún yín ní gbogbo Kérésìmesì? Ẹ ò wo ojú mi lọ́jọ́rú. Ẹ kàn ní Adùnọlá. Ilé ìyá mi ní Àgùdà ni mo gbé iyùn náà lọ lánàá. Ó pé síbẹ̀, àfi ẹyọ kan yẹn."

"Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ṣẹ̀ ẹ́," ni Fàósátù wí, ó ń wo Síkírù tìtìjútìtìjú. "Èmi náà ti pe ọlọ́mọ ní olè méjì. Dárí jì mí o, ọkọ mi."

"Ẹjọ́ olè kìíní ló ṣòro, Ìyá," ni Síkírù wí. "Ti omi yẹn, mo lè san án padà."

Màmá di ọwọ́ Sájẹ́ǹtì mú. "Ẹ dákun. Ọ̀rọ̀ ilé ni. Ẹ jẹ́ ká pa á mọ́."

"Iyùn ni ọ̀rọ̀ ilé yín, Mà. Ọmọkùnrin tí ẹ ní kí wọ́n dè gba àárín àdúgbò, ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ ìjọba. Mádàámú á tẹ̀ lé wa, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo ohun tó sọ yìí." Ó ṣẹ́jú sí Ṣàfíù. Kọ́púrù tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà, kò lè wo ojú ẹni tó ń tú sílẹ̀.

"Síkírù," ni Màmá wí, "má bínú."

Síkírù ń fi ọwọ́ kan ra ọrùn ọwọ́ kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, nítorí àgbà ni, ṣùgbọ́n kò gbé orí wálẹ̀.

"Mà, ojú títì lẹ ti pè mí ní olè. Kò sí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ̀yìnkùlé la wà báyìí, níbi tí ẹ̀yin gan-an kì í dé. Ta ló gbọ́ èyí?"

Kò dúró gba èsì. Ó ní ọmọ nílé.

*

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àáfà ti ṣí ìwé ní Mushin, wọ́n ti so àgbò mọ́ igi, nígbà tí mọ́tò dókítà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìbíkúnlé wà nínú èrò, ó wọ aṣọ ilé, ó jókòó sórí ẹní lẹ́yìn gbogbo ènìyàn. Ó rí i tí àwọn aládùúgbò fi ìgúnpá kan ara wọn. Wọ́n ti gbọ́ pé ọlọ́pàá mú bàbá ọmọ, wọ́n gbọ́ pé wọ́n fi í sílẹ̀. Kò sí ẹni tó béèrè ìdí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó yéé fura sí i. Olúkúlùkù rọra ń fà sẹ́yìn nígbàkígbà tí Síkírù bá kọjá.

Màmá Ethel sọ̀ kalẹ̀. Kò dé fìlà. Ó rìn la àárín wọn kọjá, ó dúró síwájú àáfà, ó tọrọ àyè.

"Èmi ni mo pe ọkùnrin yìí ní olè," ló wí, ohùn rẹ̀ sì dé ojú títì. "Ojú àwọn ènìyàn mi ní Yaba ni mo ti pè é bẹ́ẹ̀. Kò jí nǹkan kan. Inú ilé mi ni olè wà. Mo wá sọ ọ́ níbi tí àwọn ènìyàn tirẹ̀ wà. Bí mo bá délé, màá sọ ọ́ fún àwọn tèmi náà."

Lẹ́yìn náà ni àgbà obìnrin kan nínú èrò ní, "Ó ṣeun," ó sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ẹní fún un.

Síkírù gba ọmọ lọ́wọ́ Àmúdàtù. Ó wá dúró níwájú Màmá.

"Ẹ jókòó, Mà. Wọ́n fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ." Bó ṣe fẹ́ yí padà, ó tún béèrè pé, "Ṣé ẹ ti tan ẹ̀rọ yẹn láti àná?"

"Rárá. Ẹ̀rù ń bà mí láti fọwọ́ kàn án."

"Ẹ tàn án. Láti Sátidé ló ti dára."